IRA ALDRIDGE: ỌMỌ ADÚLÁWỌ̀ TÍ A FI ILÉ ERÉ COVENTRY LÉ LỌ́WỌ́

Nígbàkúùgbà tí a bá ń dá owó gbọ̀ngàn ìlú, a máa ń rí ẹni tí yóò béèrè pé kí ni ìlú tí kì í ṣe olú-ìlú fẹ́ fi irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe, nígbà tí omi àti ọ̀nà kò tíì tó wa. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, n kò sì ní bá a jiyàn. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn náà jẹ́ ti ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ó ti kú láti ọdún 1867, ẹni tí ìlú London ti ilẹ̀kùn mọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí àwọn ilé eré ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé títí ó fi di ẹni tí àwọn ọba ń dá lọ́lá. Orúkọ rẹ̀ ni Ira Aldridge.

Ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1807 ni a bí i ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin tí ó dá àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́kun kíkó ẹrú láti Áfíríkà. Daniel ni orúkọ bàbá rẹ̀, Luranah sì ni ti ìyá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ẹrú ṣì wà káàkiri ní New York nígbà náà, oko ẹrú kò sì tán níbẹ̀ títí di ọdún 1827. Koríko gbígbẹ ni Daniel ń tà ní ìgboro, ó sì tún jẹ́ oníwàásù láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó wù ú ni pé kí ọmọ rẹ̀ náà di oníwàásù. Ó fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni ọkàn rẹ̀ wà, kì í ṣe orí àga ìwàásù.

Ní ọdún 1821, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ń jẹ́ William Brown, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, dá ilé eré kan sílẹ̀ ní New York fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ilé eré àwọn òyìnbó, òkè pátápátá lẹ́bàá àjà ni a ń kó adúláwọ̀ sí. Ní ilé Brown, àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn ni ń ṣeré, eré Shakespeare sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Èyí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú. Àwọn jàǹdùkú wọlé, wọ́n da eré rú. Àwọn ọlọ́pàá mú àwọn òṣèré lọ. Kò sì pẹ́ tí ilé náà fi túká. Níbẹ̀ ni Ira ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ìtàgé nígbà tí ó ṣì kéré. Ó rí i pé ní ilẹ̀ tí a bí i sí, bí adúláwọ̀ tilẹ̀ mọ eré ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sí ibi tí wọn yóò ti jẹ́ kí ó ṣe é. Ní 1824, ó bá ọkọ̀ lọ sí Liverpool. Kò tíì pé ọmọ ọdún 18, kò sì tún fi ojú kan Amẹ́ríkà mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n dẹsẹ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ohun kan wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1826, nígbà tí Ira ti ń ṣeré kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan gúnlẹ̀ sí London láti Sierra Leone, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Islington fún oṣù díẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú, ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Òun ni gbogbo wa wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti Ira kò jìnnà síra. Ọ̀kan jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé-ẹ̀kọ́, èkejì dúró sórí ìtàgé, ní ilẹ̀ kan náà, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dúdú ṣì wà ní oko ẹrú lábẹ́ àsíá ilẹ̀ yẹn ní àwọn erékùṣù West Indies. Irú àsìkò tí Ira wọ̀ nìyẹn.

Ní London, òfin líle wà lórí eré ṣíṣe. Láti 1737 ni ìjọba ti sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe eré tuntun kankan àfi bí ìjòyè ààfin ọba kan bá ti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí èyí, ilé méjì péré, Covent Garden àti Drury Lane, ni ó ní àṣẹ ọba láti máa ṣe eré ọlọ́rọ̀ ẹnu gidi jálẹ̀ ìgbà òtútù. Àwọn ilé yòókù ní láti fi orin àti ijó lú tiwọn kí òfin má bàa mú wọn. Ọdún 1843 ni a tó mú ìdè yìí kúrò. Nítorí náà, ilé tí kò ní àṣẹ ọba ni Ira ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1825, ó ṣeré ní ilé tí a ń pè ní Coburg, ní gúúsù odò Thames, tí a ṣí ní 1818, tí ó sì ṣì dúró di òní olónìí pẹ̀lú orúkọ mìíràn, Old Vic. Ọmọ ọba Áfíríkà tí a tà sí Surinam, tí ó sì kó àwọn ẹrú jọ láti ṣọ̀tẹ̀, ni ó ṣe. Ìwé ìròyìn kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé ètè adúláwọ̀ kò lè pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì já gaara láéláé. Àwọn tí wọ́n sanwó wọlé kò rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ bí i méje ni ó sì lò níbẹ̀. Ní ọdún kan náà, ó fẹ́ ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Margaret Gill, tí ó bá a jìyà, tí ó sì bá a jọ̀rọ̀ fún ọdún 39.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí kò rí àyè ní àwọn ilé ńlá olú-ìlú, ó mú ọ̀nà ìgbèríko pọ̀n. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ bí àwọn ilé eré ìgbèríko yìí ti rí, nítorí àwọn ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ní 1788, òfin tuntun fún àwọn adájọ́ àgbègbè ní agbára láti fún ẹgbẹ́ òṣèré ní ìwé àṣẹ fún 60 ọjọ́. Láti ìgbà náà ni ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń kọ́ ilé eré tirẹ̀ bí ẹni ń díje. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré a máa tọ àyíká kan, láti ìlú dé ìlú, wọn a sì mú ìrìn wọn bá ọjọ́ ọjà ńlá, ọjọ́ eré ẹṣin àti ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ gíga bá jókòó mu, nítorí ìgbà náà ni èrò máa ń pọ̀, tí owó sì máa ń wà lọ́wọ́.

Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo ń wí, méjì wà tí mo lè júwe fún un. Ọ̀kan wà ní Richmond ní Yorkshire, èyí tí òṣèré kan tí ń jẹ́ Samuel Butler kọ́ ní 1788. Èkejì wà ní Bury St Edmunds, tí William Wilkins yà, tí a sì ṣí ní 1819. Wilkins yìí náà ni ó ya ilé àwòrán ńlá tí ó wà ní Trafalgar Square ní London. Bí ẹ bá dúró níwájú ti Richmond, ẹ lè pè é ní àká lásán, nítorí ògiri òkúta ni, kò sì sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ wà nínú. Ní ìsàlẹ̀ níwájú ìtàgé ni a to bẹ́ńṣì sí fún àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n. Yíká wọn ni a fi pákó la àwọn yàrá kéékèèké fún àwọn ọlọ́lá. Lókè pátápátá ni àjà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ń jókòó sí. Ti Richmond ṣì ní pákó tí àwọn ará òkè yìí máa ń fi ẹsẹ̀ ta nígbà tí inú bá bí wọn sí òṣèré. Ní Bury St Edmunds, ojú sánmọ̀ ni a kùn sí àjà ilé, bí ẹni pé àgbàlá tí kò ní òrùlé ni a jókòó sí.

Ìtàgé wọn rọra dagẹ̀rẹ̀ wá síwájú, kí àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lè rí ẹsẹ̀ òṣèré. Àwọn pákó àti aṣọ tí a ya igbó tàbí ààfin sí ni a máa ń fà wọlé láti ẹ̀gbẹ́, tí a sì ń fà jáde, nígbà tí eré bá kúrò ní ibì kan dé ibòmíràn. Ihò onílẹ̀kùn wà nínú pẹpẹ tí iwin máa ń gbà yọ. Àbẹ́là àti àtùpà elépo ni iná wọn kí gáàsì tó dé, a kì í sì í pa á nígbà eré. Olúkúlùkù ń rí ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ilé náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá fi lè rí omijé lójú òṣèré. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí adúláwọ̀ lè fara pamọ́ sí, àwọn tí ń wò ó náà kò sì lè ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i. Mo gbà pé èyí ni ó ṣe Ira lóore. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì bá ènìyàn dúdú sún mọ́ra bẹ́ẹ̀ rí. Wọn a wọlé láti wá wo ohun àrà, wọn a sì jáde pẹ̀lú ẹkún Othello ní ojú wọn.

Othello ni ipa tí ó fi gba orúkọ jùlọ: ọ̀gágun adúláwọ̀ tí ó fẹ́ ọmọ ọlọ́lá ìlú Venice, tí ọ̀rẹ́ ẹlẹ́tàn sì fi irọ́ tì í títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ pa aya rẹ̀. Bí ó bá ti ṣe èyí tán, tí gbogbo ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́, yóò sinmi díẹ̀, yóò wá jáde nínú aṣọ ìránṣẹ́ láti ṣe Mungo, ẹrú aláwàdà inú eré kan tí ń jẹ́ The Padlock, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Eré méjì tàbí mẹ́ta ni owó ìwọlé kan máa ń rà nígbà náà. Ní 1826, James Northcote ya àwòrán rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Othello. Nígbà tí àwọn ọlọ́lá Manchester dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti kó iṣẹ́ ọnà jọ fún ìlú wọn, àwòrán yẹn gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rà, ní 1827. Ó ṣì wà ní Manchester.

Wàyí o, Coventry. Ìlú àtijọ́ ni, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà tí mo ń sọ yìí, ríbọ́ọ̀nù ṣẹ́dà híhun àti aago ṣíṣe ni iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní òfì nínú, tọkọtaya àti ọmọ ni ó sì ń hun. Ní 1819, ọdún kan náà tí a ṣí ti Bury St Edmunds, ni Sir Skears Rew, ará ìlú náà, kọ́ ilé eré sí òpópónà Smithford fún wọn. Ní 1828, Ira wá ṣeré níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wú àwọn ará ìlú lórí. Àsìkò náà sì bọ́ sí ìgbà tí ilé eré ń wá ẹni tí yóò máa darí rẹ̀, ni a bá fi í lé Ira lọ́wọ́.

Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa. Ọmọ ogún ọdún ni. Àjèjì ni. Adúláwọ̀ ni, ní ọdún tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ṣì gba pé kí a ta ènìyàn bí tirẹ̀ ní Jamaica. A kò rí ẹ̀rí adúláwọ̀ kankan tí ó darí ilé eré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí yóò mọ̀ pé dídarí ilé kì í ṣe kékeré. Òun ni yóò yan eré, òun ni yóò gba òṣèré síṣẹ́, tí yóò sì bá wọn dá owó ọ̀sẹ̀. Òun ni yóò tẹ ìwé ìpolówó, tí yóò san owó epo àti àbẹ́là, tí yóò sì dáhùn nígbà tí ilé kò bá kún. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni ó fi ṣe é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àsìkò eré ìgbèríko ṣe máa ń rí, lẹ́yìn náà ó tún mú ọ̀nà pọ̀n. N kò rò pé gígùn oṣù ni ó yẹ kí a fi wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ó ní àṣà kan tí ó ń tẹ̀lé ní ìlú tí ó bá dé. Ní alẹ́ tí ó bá gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí eré bá ti parí, a máa bọ́ síwájú, a sì bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní ohùn ara rẹ̀ nípa ìyà àwọn tí ó wà ní oko ẹrú. Bàbá rẹ̀ tí ó fẹ́ kí ó di oníwàásù kò kúkú pàdánù pátápátá. Ohun tí a ń sọ ní Coventry títí di òní ni pé àpẹẹrẹ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fi lélẹ̀ láàárín wọn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ará ìlú kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé kí a fòpin sí oko ẹrú. Àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n ti Coventry ní ojú ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, ojú tí wọ́n ti ń rí láti alẹ́ dé alẹ́ ní òpópónà Smithford.

Kí n má fi ohun kan pamọ́. Nínú ìwé ìpolówó rẹ̀ àti nínú ìwé tí a tẹ̀ nípa ayé rẹ̀, a sọ pé ọmọ ọmọ ọba Fúlàní ni ní ilẹ̀ Senegal. Kì í ṣe òtítọ́. Ọmọ New York ni, ọmọ Daniel tí ń ta koríko. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà náà kò fẹ́ rà á bí kò ṣe ọmọ ọba, òun náà sì ní aya láti bọ́. Ẹni tí ebi kò pa ni yóò dá a lẹ́bi.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1833, Edmund Kean, òṣèré tí ó lókìkí jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe Othello ní Covent Garden, ọmọ rẹ̀ Charles sì ń ṣe Iago. Ara kò bá a ṣe é. Ó ṣubú sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí ìtàgé, a gbé e lọ, kò sì tún ṣeré mọ́ títí ó fi kú ní oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó ń darí Covent Garden, Laporte, ránṣẹ́ pe Ira. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, adúláwọ̀ ṣe Othello nínú ilé tí ó ní àṣẹ ọba, Ellen Tree sì ni ó ṣe Desdemona. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 25.

Ọdún tí ìjà lórí oko ẹrú gbóná jùlọ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin nìyẹn. Àwọn olóko ìrèké West Indies ní owó, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ nínú àwọn ìwé ìròyìn. Kí adúláwọ̀ dúró ní àárín London kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, kí ènìyàn sì máa sunkún nítorí rẹ̀, kò bá ohun tí wọ́n ń sọ mu rárá. Kódà kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń halẹ̀ mọ́ ọn nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan kọ ọ́ pé ìwọ̀sí ni fún ọmọbìnrin òyìnbó kí ọwọ́ rẹ̀ kàn án. Àwọn tí ó sanwó wọlé patẹ́wọ́ fún un; èyí kò já mọ́ nǹkan kan. Àrùn influẹ́ńsà pẹ̀lú ń jà ní London, ilé eré ò sì kún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣe Othello níbẹ̀, a sì yọ ọ́ kúrò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni a fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni ó fi wà láàyè lẹ́yìn èyí, Covent Garden kò sì ránṣẹ́ pè é mọ́.

Ó padà sí ìgbèríko, ó sì tó ogún ọdún tí ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Ireland. Ipa adúláwọ̀ inú ìwé eré kò pọ̀, nítorí náà ó kun ojú rẹ̀ ní funfun, ó ṣe Shylock, ó ṣe Macbeth, ó ṣe Richard Kẹta. Ó mú Titus Andronicus, eré Shakespeare tí Aaron adúláwọ̀ ti jẹ́ ìkà paraku, ó jẹ́ kí a tún un kọ kí Aaron lè di akọni. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni, alẹ́ kan níbí, alẹ́ kan lọ́hùn-ún, nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti òjò.

Ní 1852, ó kó ẹgbẹ́ jọ, ó sì ré kọjá sí ilẹ̀ Yúróòpù. Níbẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Ọba Prussia fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà tí a fi ń dá àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà lọ́lá. Ní 1858, ìjọba Saxe-Meiningen ní ilẹ̀ Jámánì fi í joyè. Ohun àrà tí ó wà níbẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń sọ lórí ìtàgé, nígbà tí àwọn òṣèré tí ó yí i ká ń fi èdè Jámánì tàbí èdè Rọ́ṣíà dá a lóhùn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí eré náà kò yé.

Ní òpin 1858, ó ṣeré ní St Petersburg. Ní ilé Fyodor Tolstoy, olóyè tí ó jẹ́ agbẹ́gilére, ó pàdé akéwì Ukraine kan tí ń jẹ́ Taras Shevchenko. Ẹrú ni a bí Shevchenko, ẹrú àwọn onílẹ̀ Rọ́ṣíà; àwọn ọ̀rẹ́ ni ó dá owó rà á sílẹ̀ ní 1838. Nítorí ewì rẹ̀, ọba tún lé e lọ sí ìgbèkùn fún ọdún mẹ́wàá, kò sì tíì pẹ́ tí ó dé. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Ọmọ Tolstoy ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọ̀kan a kọ orin ilẹ̀ rẹ̀, èkejì a kọ tirẹ̀. Shevchenko ya àwòrán Ira, Ira sì jókòó fún un, ó ṣòro fún un láti jókòó jẹ́ẹ́. Àwòrán náà wà títí di òní. Ọdún 1861 ni a dá àwọn ẹrú ilẹ̀ Rọ́ṣíà sílẹ̀. Oṣù náà gan-an ni Shevchenko sì kú, ọjọ́ díẹ̀ kí ìkéde náà tó jáde.

Ní 1863, Ira di ọmọ Ìlú Ọba lábẹ́ òfin. Margaret kú ní 1864, ó sì fẹ́ Amanda von Brandt, akọrin ọmọ Sweden, tí ó ti bí ọmọ fún un ṣáájú. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, a dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ó sì ń pète láti padà lọ ṣeré ní ilẹ̀ tí a bí i sí. Kò débẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1867, ó kú ní Łódź ní ilẹ̀ Pólándì, níbi tí ó ti fẹ́ ṣe eré. Ọmọ 60 ọdún ni. Ìlú ahunṣọ ni Łódź, bí Coventry. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, àwọn òṣèré ilẹ̀ Pólándì ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Amanda, di akọrin àti olùkọ́ orin ní London, ó sì pẹ́ láyé títí di 1956. Òun ni ó kọ́ Paul Robeson ní bí a ti ń lo ohùn, kí ó tó ṣe Othello ní London ní 1930. Ní Stratford, ìlú Shakespeare fúnra rẹ̀, orúkọ Ira wà lára àwọn òṣèré 33 tí a kọ orúkọ wọn sára ilé eré ìrántí Shakespeare.

Ilé eré Coventry kò sí mọ́. Òpópónà Smithford pẹ̀lú kò sí mọ́. Ní alẹ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1940, àwọn ọkọ̀ òfúrufú Jámánì da bọ́ǹbù sí àárín ìlú náà, ilé tí ó jó kò lóǹkà. Nígbà tí a tún ìlú kọ́, ọjà ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀, tí a ń pè ní Precinct, ni a kọ́ sí ojú òpópónà àtijọ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, a fi wàláà kan sí ara ògiri níbẹ̀ ní ìrántí Ira. Earl Cameron, òṣèré adúláwọ̀ láti Bermuda, wà níbi ayẹyẹ náà, ní ọdún tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ìgbà èwe rẹ̀, Amanda ọmọ Ira ni ó kọ́ òun náà ní ohùn lílò. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Birmingham, Coventry kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá lọ ra nǹkan ní Precinct, ní apá òkè, ẹ wá wàláà náà láàárín àwọn ilé ìtajà, kí ẹ sì kà á.